Fóònù Tó Dá Tóyìn Mọ̀

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ọ̀sí, rédíò bàbá mi nìkan ni ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé wa. Bí a bá yí etí rẹ̀, á sọ̀rọ̀. Bí a bá yí i padà, á dákẹ́. Bàbá mi á ní, "Ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ tó bá kàn án ló ń dá lóhùn." Ṣé ẹ rí i? Ayé ìgbà yẹn nìyẹn.

Fóònù tí a ń tẹ dé, a tẹ̀ ẹ́. Èyí tí a ń fọwọ́ ra dé, a fọwọ́ ra á títí. Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Obbo-Ayégúnlé, òun ló wá ra èyí tó ń wojú èèyàn. Á gbé e sókè, á wò ó, fóònù á sì ṣí. Mo bi í pé ta ló wà nínú rẹ̀ tó ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín.

Àìsàn tí a ò kà sí ló mú un lọ… Lọ́jọ́ tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó àwọn fọ́tò inú fóònù náà. Ó gbé e sí i lójú, kò ṣí. Ẹnìkan ní ojú tó dì ló fà á, ẹ jẹ́ ká là á. Mo ní, "Ẹni tó ti sùn, ẹ má jí i nítorí ẹ̀rọ." Mo gbé fóònù náà sínú àpótí mi.

Ọdún ń gorí ọdún. Tóyìn, ọmọ tó fi sílẹ̀, di ọmọge. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi fóònù náà sí ṣájì. Ó gbé e sókè láti nu eruku ojú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Kò tẹ nǹkan kan. Ó kàn wò ó ni, ó sì ṣí.

Ó ń wo fọ́tò, ó ń wò ó… ohùn ìyá rẹ̀ bá jáde nínú fídíò kan, ó ń pè é kó wá jẹun. Tóyìn sì dáhùn. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Mà."

Orí mi wú. Ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún wa lọ́nà oko pé ohùn tí a ò bá rí ẹni tó ni ín, a kì í jẹ́ ẹ.

Àṣé ọmọ náà ti gba dátà láti ara fóònù bàbá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́ tí Ṣìfáwù, ọ̀rẹ́ Fúnmiláyọ̀, fi gun ọ̀kadà dé láti Kòrò. Ó ní àmì yọ lórí fóònù òun pé Fúnmiláyọ̀ ti wà lórí ayélujára. Bó ṣe rí Tóyìn lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ta nìyí?"

Mo ní ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni, àmọ́ fóònù ní Fúnmiláyọ̀ ni.

Nígbà tí Tóyìn sìn ín lọ, mo dá jókòó ti fóònù náà. Ó ti padé. Èmi náà gbé e sí ojú mi. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mi ni imú Fúnmiláyọ̀ ti wá, pé èmi ni mo bí i. Ó wò mí, ó wò mí… ó gbọn ara rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò ṣí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa wojú ara yín dáadáa nígbà tí ẹ ṣì jọ wà. Níbi tí ayé ń lọ yìí, ẹ̀rọ ni yóò máa sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún yín… Èmi ò ní bá yín débẹ̀.