Idà Tí Mo Jù Sórí Omi Dídì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ìwé kékeré kan wà níwájú mi lórí tábìlì, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń kọ iṣẹ́ sí. Ọkọ mi ló gbé e fún mi pé kí n bá òun parí ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ojú ewé kan péré! Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí mo ti ń wò ó. Mo máa mú pẹ́ńsù, mo máa gbé e sílẹ̀, mo máa lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ọ̀sán yìí ni àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Èmi ni mo lé e kúrò nílé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fi ẹnu mi sọ pé kó máa lọ. Ìtìjú ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà ni ọkọ mi n'Ìbàdàn kí a tó wá sí Toronto. Níbí, ẹrù ló ń bá àwọn ènìyàn kó. Bí ẹnì kan bá ń kó kúrò nílé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Èmi ń fọ aṣọ nílé ìwòsàn kan. Jane and Finch là ń gbé, lórí àjà kẹrìnlá, yàrá kan àti pálọ̀, àbúrò rẹ̀ sì ń sùn ní pálọ̀ nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà èmi ni mo sọ àbúrò yìí ní Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, torí pé bó bá ń rìn, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń kọjá. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ìgbàkígbà tó bá dé láàárọ̀, á bá mi da ìdọ̀tí nù kó tó sùn. Irú ẹni tí mo ṣe ìkà sí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò kúrò lára ọkọ mi. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló máa ń kọ, ní èdè Yorùbá, nínú àwọn ìwé ọmọ iléèwé yẹn. Ní àárọ̀ Sunday, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, á jókòó síwájú mi, á máa ka èyí tó kọ lọ́sẹ̀ náà fún mi. Á yí ohùn padà fún olè, á yí i padà fún ọlọ́pàá, á tún fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìyá olè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà á fi dà sílẹ̀. Ta ló tún rí irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Canada yìí?

Ní ọjọ́ kan, ó lọ bá ìyá arúgbó ará Japan kan kó ẹrù ní North York. Ìyá náà fún un ní àpótí gígùn kan. Idà ló wà nínú rẹ̀, idà àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ nílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní samurai. Ìyá náà sọ fún un pé wọn kì í fa idà náà yọ tán nínú àkọ̀. Ó ní bó bá ti jáde tán, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín á wá mú ènìyàn kan lọ nínú ilé náà. Ó ní òun fà á yọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun, kí òun lè nu eruku ara rẹ̀. Kò sọ ẹni tí òun pàdánù, ọkọ mi kò sì bi í.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Àkànní, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Toronto, ń wá idà kan tó ń pa ènìyàn láìsí ẹni tó dì í mú. Ẹni tó ni idà náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ bàtà onígi rìn ní kọ́ridọ̀. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ kò-kò-kò, ẹnì kan fẹ́ kú nìyẹn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ti bàtà yẹn mọ́ o. Èmi nìkan ni mo ń wọ elevator láàárọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kà.

Mo lóyún nígbà náà. Ọdún kẹsàn-án tí a ti fẹ́ra wa nìyẹn, òun sì ni oyún àkọ́kọ́. Màmá mi ti fi aṣọ àdìrẹ kan ránṣẹ́ láti ilé, aláwọ̀ aró, èyí tí wọ́n fi pọn mí gan-an, pé kí èmi náà fi pọn ọmọ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá idà yẹn lórí tábìlì, òun lọ́tọ̀, àkọ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ mi jókòó tì í, ó ń kọ bí iná ṣe ń tàn lára rẹ̀. Mo figbe ta. Ó yára tì í padà. “Ìyàwó mi, má bínú. Irin lásán ni.” Ní ọjọ́ kẹrin, oyún náà wálẹ̀.

Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi sunkún ní ilé ìwòsàn débi pé èmi ni mo bá a so okùn bàtà rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ máa lọ. Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ṣùgbọ́n kò-kò-kò ni mo ń gbọ́ nínú orí mi, mo sì kórìíra idà yẹn bí ẹni kórìíra ènìyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, nígbà òtútù, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ń sùn. Mo gbé idà náà, mo fi aṣọ ìpọnmọ màmá mi wé e. Ta ni mo tún fẹ́ fi aṣọ náà pọn? Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Finch, mo sọ̀kalẹ̀ nítòsí odò, mo gba inú koríko gbígbẹ dé orí afárá. Mo yí ojú sẹ́yìn, mo jù ú. Ẹ gbọ́ o, n kò gbọ́ kí omi dún. Gbàù ni mo gbọ́! Odò ti dì! Èmi tí mo ti ń bá òtútù ibí fà á fún ọdún mélòó kan, tí mo mọ̀ pé bàtà lásán kò gba ènìyàn níbí, kò wá sí mi lọ́kàn pé odò lè kọ nǹkan. Odò tí mo mọ̀ láti kékeré, bí ẹ bá ju nǹkan sí i, ó tán. Idà yẹn sùn sílẹ̀ gbalaja lórí omi dídì, nínú àdìrẹ aláwọ̀ aró, gbogbo àyíká rẹ̀ funfun. N kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ mú un. Mo sá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ṣíwọ́, mo padà lọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi náà kò tíì yọ́ o! Ipa ẹsẹ̀ ẹnì kan ni mo rí nínú yìnyín, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ta ló ń wá idà lórí odò nínú òtútù bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó ni ín? Ọdún méjì ni mo fi ń rò pé ọkùnrin bàtà onígi ló gbé e, pé ó sì mọ ilé mi.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Tuesday yẹn. Ọkọ mi dé, ó rí i pé àpótí ṣófo. Kò bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni n kò jẹ́ kí ẹnu mi sinmi. Mo ní, “Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn o. Àwa mélòó la wà nínú ilé yìí?” Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ wò mí, ó ní, “Ìyàwó wa, èmi lẹ ń bá wí?” Mo kọjú sí ibòmíràn. Ó dìde, ó wọ kíṣìnnì, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó fi ahọ́n kàn án. Ó fi irin búra, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe, pé bí òun bá mọ ibi tí idà náà wà, kí irin má fi òun sílẹ̀. Ọkọ mi ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ náà, òun náà fi ahọ́n kàn án kí ó má baà jọ pé àbúrò òun nìkan ni wọ́n ń fura sí, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú mi.

Mo ní, “Mùsùlùmí ni mí o. I can't do that one.” Àbí àwọn méjèèjì kì í ṣe mùsùlùmí? Mọ́sáláṣí kan náà là ń lọ! Èmi tí mo gbà pé irin kan pa ọmọ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ahọ́n kan irin mìíràn pẹ̀lú irọ́? Ọ̀bẹ náà wà lórí tábìlì títí ọkọ mi fi gbé e lọ fọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ti kó lọ sí Newmarket, ó ní ibi iṣẹ́ òun tuntun sún mọ́ ibẹ̀. Ó kí mi kó tó lọ. Ó tún bá mi da ìdọ̀tí nù.

Láti ìgbà náà ọkọ mi kò kọ ìwé mọ́. Mo ń dá ṣa ẹ̀wà ní Sunday. Tó bá sì di Saturday, á ní òun ń lọ kó ẹrù, á dé ní ìrọ̀lẹ́, kò ní jẹun, aṣọ rẹ̀ á máa ní òórùn ẹja àti atalẹ̀. Mo ní háà, ó ti ní obìnrin kan tó ń se ọbẹ̀ fún un! Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi í?

Lóṣù tó kọjá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Sunday tó kọjá, ó jókòó síwájú mi, ó ń kà. Àkànní rí èèmọ́ lára etí kóòtù obìnrin kan, àwọn èso kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì mọ̀ pé etí odò nìkan ni irú rẹ̀ wà ládùúgbò náà. Ó jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ó bá idà lórí omi dídì, nínú àdìrẹ. Ó dá idà padà fún ọmọ ìyá arúgbó tó ni ín. Ó fọ aṣọ náà, ó sì tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bẹ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, Saturday kọ̀ọ̀kan ló sì ń lọ bá a jẹ ọbẹ̀ ẹja. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ náà síta títí obìnrin náà á fi lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí pé ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo sáré wọ yàrá, mo ṣí àpótí aṣọ tí n kò ṣí láti ọjọ́ tí mo ti mú àdìrẹ yẹn jáde. Àdìrẹ màmá mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a, ó fi káńfọ̀ sí i. Ọdún méjì! Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé e sáyà, mo sunkún ọmọ mi bí n kò ṣe sunkún rẹ̀ rí. Ọkọ mi wá jókòó tì mí. Ó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Àbúrò náà ti dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí obìnrin náà máa sọ fún un. Bá mi kọ ọ́.”

Ohun tí mò ń bi yín rèé. Ṣé kí n fún Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ní ìwé yìí kó kà á fúnra rẹ̀, àbí kí n kúnlẹ̀ kí n fi ẹnu mi sọ ọ́? Mo ti kọ ti dókítà, mo ti pa á rẹ́. Mo kọ ti ìyá arúgbó, ti bàtà onígi, ti ọdún mẹ́sàn-án, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kàn án nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbànújẹ́ lọ́kàn, ẹ má gbé e ru ẹlòmíràn nítorí pé ó jẹ́ onísùúrù. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù lójú ewé náà báyìí: “Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, èmi ni.”

Ẹ̀wà ti jinná. Elevator ti ṣí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ní kọ́ridọ̀, kì í ṣe kò-kò-kò. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni, pẹ̀lú ti ẹnì kan tó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo ń lọ ṣílẹ̀kùn.