Alhaja Tí Mo Fi Ààwẹ̀ Ọjọ́ Méje Bá Jà

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará! Ẹ tún un gbé, ti àkọ́kọ́ yẹn ò dé òrùlé.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti sùn lọ fọnfọn rí lójú ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo, tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń rìn lọ, agbọ̀n obì lórí mi. Nígbà tí mo máa fi jí, mo ti dé ọjà, mo ti tà á tán, èrè ti wà lápò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ̀nà tó báyẹn ló wá ṣìnà lọ́sàn-án gangan.

Alhaja Sífáwù tó ń ta obì ní Òṣogbo ti ń gbà á lọ́wọ́ mi láti ogún ọdún. Bí mo bá ti dé, á kí mi, á gbé agbọ̀n wọ yàrá ẹ̀yìn, á pẹ́ níbẹ̀, á sì jáde láìsọ nǹkan kan. Agbọ̀n márùn-ún tó ń gbà tẹ́lẹ̀ di méjì. Ó di ẹyọ kan. Àwọn oníbàárà mi yòókù náà ń yẹra. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n: nǹkan kan ni obìnrin yìí ń ṣe sí obì mi nínú yàrá yẹn. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo pe orúkọ rẹ̀ lórí òkè títí ohùn fi há.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣa obì yìí."

Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ lóbì?"

Lọ́jọ́ tí Alhaja wá sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi díẹ̀, mi ò ní lè gba tòní," mo bú u lójú àwọn tó wá rajà. Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ pa iṣẹ́ mi. Ọlọ́run mi á dá ẹ lẹ́jọ́." Ó kúnlẹ̀ ni. Mo fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Mo fi ìbínú wọ ọkọ̀. A rìn díẹ̀, mo bi awakọ̀ pé ìgbà wo la máa dé Iléṣà. Ó wẹ̀yìn. "Iléṣà kẹ̀? Ìdó-Ọ̀ṣun là ń lọ, Bàbá. Ṣé ẹ ò rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ ni?" Mo sọ̀kalẹ̀, mo wò ó. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi fà mí lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà tan iná sí mi lójú. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Obì ni mò ń ṣà, tí mò ń tà."

"Ojú wo lẹ fi ń ṣà á?"

Mo rò pé ó ń bú mi ni. Ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, ó ti tó ọdún mẹ́ta.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, mo ríran. Ọpẹ́ ni fún Jésù, ọpẹ́ ni. Mo délé, mo ṣí agbọ̀n tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣà. Ará, ara mi bù máṣọ. Ihò kòkòrò ni mo ń rí káàkiri. Èyí tó dáa níbẹ̀ ò kún ọwọ́ méjì.

"Ìyá Dúpẹ́, ṣé bí mo ṣe ń gbé e lọ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja ló ń ṣa èyí tó bàjẹ́ dànù ní yàrá ẹ̀yìn. Ọdún kẹta rèé. Ó sì ń san owó rẹ̀ pé."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò wá lè sọ fún mi?"

"Ta ló máa wo àgbàlagbà bíi tiyín lójú, kó ní ẹ ò ríran mọ́? Èmi tí mo dán an wò, kí lẹ fi dá mi lóhùn?"

Mo jókòó ti agbọ̀n yẹn. Obìnrin tí mo ń gbààwẹ̀ sí, òun ló ń bò mí láṣìírí.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ó sunkún. Èmi náà sunkún.

Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ìwọ tí ọjà rẹ ò tà, tí o sì ti mọ orúkọ ọ̀tá rẹ, fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Lọ bi onítọ̀hún léèrè ohun tó ń ṣe. Ọlọ́run tó ṣe tèmi á ṣe tìrẹ.

Kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó mi pe Alhaja wá síbi ìdúpẹ́ yìí. Òun ló wọ hìjáàbù aláwọ̀ ewé ní ìjókòó ìkẹyìn yẹn. Mò ń rí ojú rẹ̀ láti ibí, kò rẹ́rìn-ín. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo sọ yẹn, àti ẹkún yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Mi ò tíì tẹ Òṣogbo láti ọjọ́ tí mo ti fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bìlà fún mi.