Oyin Kọ́ Ló Gba Ohùn Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà ní àyà mi tí n kò lè gbé dé iwájú pẹpẹ mọ́. Mo ti gbé e kúnlẹ̀ gba oúnjẹ Olúwa, mo sì ti gbé e dìde padà. Ǹ bá tún dákẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ lọ fa ìyá àgbà kan jáde nínú ilé rẹ̀ ní Ùpẹnmẹ̀n nítorí ohun tí èmi ṣe. Wọ́n sì ní kí n bá wọn lọ jẹ́rìí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, ìjọ ló rán mi lọ sílé ìwé. Ìjọ náà ló bá mi wá iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní káńsù. N kò ní ohun kan tí kì í ṣe Ọlọ́run ló fún mi, mo sì ń dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣẹ̀ yìí fi wúwo. Kì í ṣe àìní ló tì mí dé ibẹ̀.

Fúnmiláyọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Irun ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. A jọ wọ ẹgbẹ́ akọrin ni. Òun ló máa ń dá kọrin, èmi a sì máa gbe ohùn kejì lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbe ohùn kejì títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: orin rọ́ọ̀kì ni àwa méjèèjì fẹ́ràn. Mo máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, a ó pín íapíìsì mi, ọ̀kan sí etí rẹ̀, ọ̀kan sí tèmi, òun a máa di irun lọ. Ní ọjọ́ kan, màmá tí Fúnmi ń di irun fún gba ti etí mi, ó fi sí tirẹ̀, ó sì fà á yọ kíá.

"Ẹ gbà mí o! Ta ni wọ́n ń pa níbẹ̀?"

"Orin ni, Màmá," ni Fúnmi wí.

"Orin! Tó ń ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́? Ẹ wá ẹni tó máa ṣí i fún un!"

A kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú àwọn olórin náà dáadáa, nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ fúnra wa. A pe ọkùnrin kan ní Oníyanrìn, torí ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ṣọ́bìrì bá ń wọ iyanrìn. Kì í kánjú. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ru ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á mọ̀ pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

A pe obìnrin kan ní Ìyá Àrá. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́, títí wàá fi tẹ́ etí sí i, lẹ́yìn náà ni yóò wá sán. Ṣùgbọ́n igbe yẹn kọ́ ni Fúnmi fẹ́ràn. Ó máa ń dá orin náà padà sí ibi tí obìnrin náà ti ń mí sínú kó tó ké. "Gbọ́ ibẹ̀ yẹn," á ní, "èémí yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe."

Ẹnì kẹta ni Alápáàdì. Ó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ a sì máa fọ́ bó bá dé òkè, kò sì fi pamọ́. Òun ni Fúnmi fẹ́ràn jù. Ó ní, "Ẹni tí ohùn rẹ̀ dán ń kọrin fún wa. Ẹni tí tirẹ̀ fọ́ ń kọrin ní ipò wa." N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohùn Fúnmi fúnra rẹ̀ dán bí epo pupa. Ó fẹ́ kó ha. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó fẹ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àjọ̀dún ìjọ wa bọ́ sí àsìkò ọdún ìbílẹ̀ Ìgogo. A kì í lu ìlù nílùú Ọ̀wọ̀ nígbà náà, ìjọ tiwa sì máa ń da aṣọ bo àwọn ìlù wa nítorí àlàáfíà ìlú. Ọ̀gá akọrin wa ní Fúnmi ni yóò dá kọrin, láìsí ìlù, láìsí ohun èlò kankan. Fúnmi di ọwọ́ mi mú nígbà tí a jáde. Ó ní òun fẹ́ kí ẹsẹ tó kẹ́yìn ha, kí òun ké e sí Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí Ìyá Àrá.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbìyànjú rẹ̀ ní oko kòkó bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà Ùpẹnmẹ̀n, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò ní ká dákẹ́. Yóò dúró láàárín igi kòkó, yóò máa ké. Ọ̀fun ló fi ń fà á. Iṣan ọrùn rẹ̀ a yọ síta.

Màmá Ùpẹnmẹ̀n ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Ilé wọn kò jìnnà sí oko náà. Wọ́n gbọ́ igbe, wọ́n sáré dé tàwọn ti àdá lọ́wọ́.

"Ejò dà? Níbo ló wọlé sí?"

"Kò sí ejò, Màmá. Orin ni."

"Orin! Ṣé Ọlọ́run tí ẹ ń kọ ọ́ fún ti ya adití ni?"

Àwa rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn Fúnmi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀fun kì í ṣe irin. Jẹ́ kó sinmi." Wọ́n wọlé, wọ́n gbé oyin jáde nínú ìgò kékeré kan, oyin oko wọn, wọ́n ní kó máa lá a. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tó mọ̀wé, bá mi sọ fún un."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wo fídíò kan nínú ọ́fíìsì. Olùkọ́ orin kan ló ń ṣàlàyé ohùn àwọn olórin rọ́ọ̀kì. Ó ní ohùn tó ha kì í ṣe egbò. Ó ní inú ni wọ́n fi ń gbé èémí náà, pé ọ̀fun kò gbọdọ̀ jà, àti pé bó bá ti ń dun ènìyàn, kí ó dákẹ́ kíá, kí ó sinmi. Mo wò ó tán. Mo tún un wò. Ó yé mi yékéyéké.

Fúnmi kò wo fídíò náà. Fóònù rẹ̀ kò dára, nínú tèmi ni a ti ń wo gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ó ń dùn mí bí mo bá ń gbé itọ́ mì. Ṣé kí n dúró díẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá ibi yìí kíákíá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Ohùn náà ló ń jáde. Gbogbo wọn ló kọjá níbẹ̀. Tẹra mọ́ ọn."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ láti ṣe ibi ni ìwà tiwa. Ní àárín wa, bí ohùn ẹnì kan bá ha, a máa ń sọ pé ó ti gbàdúrà ni. Nígbà tí Fúnmi wá síbi ìfidánrawò tí ohùn rẹ̀ ń ya, àwọn ìyá ìjọ gbá a mọ́ra. "Ẹ̀mí ti bà lé ọmọ yìí!" Èmi ṣe Àmín pẹ̀lú wọn. Àmín tèmi ló lọ sókè jù.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, ó dìde láìsí ìlù. Ṣọ́ọ̀ṣì pa rọ́rọ́. Ó kọ àwọn ẹsẹ ìṣáájú, mo rí àgbà ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó dé ẹsẹ tó kẹ́yìn. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, èémí Ìyá Àrá gan-an. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ohun kan jáde tí n kò gbọ́ rí, ó dára débi pé mo gbàgbé ìlara mi. Kò pẹ́ rárá. Ó já. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń jáde mọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá ojú mi.

Láti ọjọ́ náà, wúyẹ́wúyẹ́ nìkan ló ń fi ẹnu sọ.

Dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ ti gbọgbẹ́, ó ní ó ṣeé tọ́jú, kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀fun. Ìdílé rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní ohùn kì í lọ bẹ́ẹ̀ lásán, àti pé ẹni tó gbà á ni kó dá a padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, jókòó níwájú mi lójú ẹgbẹ́ agbàdúrà.

"Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Kí ló jẹ? Ta ló fún un ní nǹkan?"

Mo ní, "Màmá Ùpẹnmẹ̀n fún un ní oyin."

Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Mo fi òótọ́ náà bo ara mi mọ́lẹ̀, mo sì rí i bí ó ṣe ń lọ bá ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà, àwọn ará Ùpẹnmẹ̀n kì í kí Màmá mọ́. Àwọn ọmọ a máa sọ òkúta sórí páànù wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná jó ilé ìdáná wọn, kò sí ẹni tó sáré wá bu omi. Èmi sì ń dúró ní ibi tí Fúnmi ń dúró sí nínú ẹgbẹ́ akọrin. Fúnmi ṣì ń pe mí wá sí ṣọ́ọ̀bù. A ṣì ń pín íapíìsì. Ó máa ń fi wúyẹ́wúyẹ́ yẹn sọ pé, "Ìwọ nìkan lo kò fi mí sílẹ̀."

Ìgogo ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n dá kọrin. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, ohùn mi ti ń ha. N kò ké, n kò ṣàìsàn. Bí mo bá la ẹnu gbàdúrà ní òwúrọ̀, ohùn Oníyanrìn ni mo ń gbọ́. Àwọn ìyá ìjọ ti tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀mí ti bà lé e!"

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé gbọ́ ọ. Ó wá sí ọ́fíìsì mi.

"Sísítà, ó ti kan ìwọ náà. Ìyá yẹn kò ní í dá ẹnikẹ́ni sí. Ní Sátidé, a ń lọ. Yóò pọ ohùn yín méjèèjì jáde tàbí kó má sùn nínú ilé yẹn mọ́."

"Bọ̀ọ̀dá, àgbà ni wọ́n…"

"Àgbà wo? Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa? Kí o ṣáà múra. Ẹnu rẹ ni a fẹ́ kó gbọ́ ọ."

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Lánàá, ọlọ́kadà kan dúró níwájú ilé wa, ó gbé ìgò kékeré kan fún mi. "Àǹtí, màmá kan ní Ùpẹnmẹ̀n ló ní kí n fún yín. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọ̀fun yín ń ha. Wọ́n ní kí ẹ máa lá a, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi." Ó ti tan ọ̀kadà rẹ̀ kó tó rántí. "Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti lá a, kí n rán yín létí pé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn gbé ti àkọ́kọ́ jáde."

Wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ oyin náà ti jáde. Bóyá láti ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Wọn kò bú mi.

Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé Fúnmi ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, kí wọ́n lè gbé e lọ fún ìtọ́jú nígbà tí ó ṣì ṣeé ṣe? Ṣé kí n dìde nínú ìjọ tó tọ́ mi? Àbí kí n tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin yẹn lọ sí Ùpẹnmẹ̀n, kí n sì sọ òótọ́ náà ní ẹnu ọ̀nà Màmá, níwájú wọn, pẹ̀lú ohùn tó kù mí kù yìí? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá débẹ̀, ẹnu mi yóò ṣí, nǹkan kan kò sì ní í jáde. Ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé.

Mo lá oyin náà ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ó dùn, ó sì rọ ọ̀fun mi.

Oyin ni. Oyin lásán ni.