Ọba Tí Mo Kọ̀ Kó Kú

Alága wa, Alùhájì Bàrúwà. Ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ̀yin òbí láti Ọjà-Ọ̀dàn àti Ayétòrò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ fara da ariwo mi. Àti Àṣìkẹ́ ìyàwó mi tó gbọ́ oúnjẹ: mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì tí ẹ ń gbóòórùn yẹn, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó béèrè bó ṣe wọlé nígbà tí bọ́dà wà ní títì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí èmi Sàláúdéènì wá dágbére fún iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀sùn ni mo fẹ́ fi kan ara mi.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìtàn ọba kan ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí, láyé ìgbà tí wọ́n ń kọ̀wé sára amọ̀ tútù. Ọba náà lágbára, ó gbéraga, kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ náà kú. Ìbẹ̀rù ikú mú ọba, ó la aginjù kọjá, ó la òkun kọjá, ó ń wá ewé tí í sọ arúgbó di ọ̀dọ́, títí ó fi mòòkùn lọ já a nísàlẹ̀ omi.

Ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí. Ewúrẹ́ ti jẹ ìyókù. Nígbà tí àwọn ọmọ bi mí pé, "Sà, ṣé ó jẹ ewé náà?" ṣé kí n ní n kò mọ̀ ni? Èmi, tíṣà? Mo ní, "Ó jẹ ẹ́. Ó wà láyé títí dòní." Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ jókòó yìí fi kọ ìdánwò, èmi ni mo máàkì rẹ̀, gbogbo yín lẹ sì yege!

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ó bá a. Tèmi fi ọdún méje lé e kó tó rẹ̀ ẹ́.

Suliat, ọmọ tí mo kọ́, tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ń bọ̀ láti Kùtọnù lóṣù tó kọjá. Lọ́nà Ìlárá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń wá ìrẹsì nínú báàgì rẹ̀, ìwé ọba wa yìí, lódindi, ni wọ́n bá. Ó ní, "Ìtàn ọba ayé àtijọ́ kan ni, sà." Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín: "Òkú ọba kì í jẹ ìrẹsì. Máa lọ." Ẹ ò rí i? Kọ́sítọ́ọ̀mù tí kò ka ìwé náà mọ̀ pé ọba ti kú!

Suliat túmọ̀ rẹ̀ fún mi láti inú Faransé. Ọba gbé ewé kalẹ̀, ó lọ wẹ̀. Ejò bá gbé ewé lọ. Ọba sunkún pé òun náà yóò kú, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó wá ń fi odi tó mọ yí ìlú rẹ̀ ká han ẹni tó bá a dé, pé ohun tí yóò kù lẹ́yìn òun nìyẹn.

Ó dùn mí, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí èmi náà wá ewé lọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ bẹ̀bẹ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n fún mi lọ́dún méjì sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin rò pé eyín ni mò ń lọ tọ́jú. Wọ́n ní rárá. Gbogbo ẹ̀yin tí mo kọ́, ẹ dìde kí n rí yín. Hẹn-ẹ́n. Odi mi rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú yín ti tẹ̀ díẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín. Kí bọ́dà ṣí, kí ọjà tà, kí ewúrẹ́ má jẹ ìwé ọmọ yín.

Lánàá, Suliat bi mí pé, "Bàbá, èwo ni kí n kọ́ wọn, tiyín ni àbí ti ìwé?" Ti ìwé ni, ọmọ mi. Jẹ́ kí ọba kú, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá sunkún pé ibo ló wà, sọ fún un pé ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń roko ẹ̀gẹ́ ní Ayétòrò, kó máa bọ̀ wá kí i.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin odi mi.