Mint Músíè, Ubuntu Màmá

Nínú tasí tó ń ti Kétu lọ sí Kpankou ni tíṣà kan tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan ti ń bá ìyá kan tó ń bá èèyàn tẹ̀wé jiyàn lórí Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí Mint àti Ubuntu jẹ́ oríṣi rẹ̀. Èmi ni mo há sáàárín wọn.

"Mint lèmi ń lò, Màmá. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló wà lókè."

"Músíè, Ubuntu la mọ̀ ní Kpankou. Pásítọ̀ ń lò ó, lémọ́mù ń lò ó."

"Kpankou kọ́ ni gbogbo ayé!"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ gbin àgbàdo, irú tó wà lóko aládùúgbò la máa ń gbìn. Bí kòkòrò bá dé, a ti mọ ẹni tá a máa bi. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ máa bi?"

Ta lẹ máa bi! Tíṣà bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọ̀la ni ìdánwò àwọn ọmọ, mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa fi Mint yìí tẹ ìbéèrè jáde."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà fọwọ́ pa kọ̀ǹpútà lórí bí ọmọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi. Ara Ubuntu ni wọ́n ti mú Mint yín jáde. Ilé ìyá rẹ̀ lẹ ń gbé e lọ yìí."