Kọ̀ǹpútà Tí Ojú Rẹ̀ Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará! Ọba tí kò jẹ́ kí ojú tì mí, ìwọ ni mo wá yìn o! Ẹ fara balẹ̀ fún mi, ohùn mi ṣì ń gbọ̀n.

Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní Berlin ni mo ti ń wáṣẹ́. Ibi gbogbo ló ń kọ̀ mí. Ìwé ìgbélùú mi sì ti fẹ́ parí. Bí n kò bá ríṣẹ́, ilé ni wọ́n ń dá mi padà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn mi ní àdúgbò Spandau ní Berlin, àyà mi á já, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé aládùúgbò ni.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó ń yàwòrán ilé ní kí n ṣe ìdánwò: kí n fìka yàwòrán lójú kọ̀ǹpútà, kí àwọn máa wò mí láti ọ̀dọ̀ wọn. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣerun ní Jenfeld ní Hamburg níbí, ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí n má bó ọ̀rá tó bò ó lójú, kó má baà ní àpá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa ìdánwò, wọ́n wá sí Berlin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ta òróró sí i lójú. Mo ṣe Àmín tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ ojú rẹ̀, kò dáhùn. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo nù ún. Kò dáhùn. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Spandau kàn wò ó fìrí, ó ní ojú rẹ̀ ti kú, pé yóò pẹ́ kí òmíràn tó dé. Ìdánwò ti dé tán. Mo sunkún nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Mo wọkọ̀ ojú irin wá sí Hamburg, torí pé mi ò fẹ́ dá wà. Àǹtí ní ọ̀tá ló tẹ̀ lé mi. Wọ́n tún gbé ìgò òróró. Mo fìka kan ojú kọ̀ǹpútà náà, mo sì rí nǹkan kan tó ń rìn lábẹ́ ọ̀rá: òróró àkọ́kọ́ ni, ó ti gba etí rẹ̀ wọlé.

Ta ló ń dá àgbà dúró nínú àdúrà? Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Èmi lò ń dá dúró?"

Mo kúnlẹ̀, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bó o. Ṣùgbọ́n òróró ò ṣẹ̀ o. Ọ̀rá ló ṣẹ̀."

Mo bó o, mo nù ún gbẹ, mo fìka kàn án. Ó dáhùn! Olúwa, o ṣeun! O ṣeun!

Inú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ni mo ti ṣe ìdánwò náà. Wọ́n ní kí àwọn oníbàárà pa ẹnu mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba ti fún mi ní ìwé ìgbélùú tuntun. Ẹ̀rù náà ò tíì kúrò lára mi tán, mi ò ní purọ́ níwájú yín. Ó ṣì máa ń jí mi. Ṣùgbọ́n mo wà níbí.

Ìwọ tí wọ́n ti sọ fún pé ọ̀rọ̀ rẹ ti kú, má dẹ́kun àdúrà. Bí o bá ṣe Àmín tán, lajú, kí o wo nǹkan náà dáadáa. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó là mí lójú. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí mi tó jókòó lọ́hùn-ún; àwọn ló ní kí n wá jẹ́rìí, kí n má sì fi ohunkóhun pamọ́.