Ìpè Tí Mo Pè Níwájú Àwọn Aṣòfin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ òótọ́ nípa ọkàn mi fún mi. Ó ku kí èmi náà sọ òótọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé alábòójútó ni mí níbi tí a ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Obìnrin kan wà lábẹ́ mi, Olóhùn-Oyin là ń pè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè dìde mọ́, iléeṣẹ́ gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ geere. Kò pẹ́ ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbé àbá òfin dìde, pé kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà pè mí. Ó ní, "Bí gbogbo wọn bá lọ sílé tán, ta ni wàá máa ṣọ́? Àga?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára, èmi tí mo fẹ́ràn kí wọ́n máa dìde bí mo bá ń kọjá. Àgbàyà gbáà ni mí.

Ọ̀gá rán mi lọ jẹ́rìí ta ko àbá náà níwájú àwọn aṣòfin. Mo mọ̀ pé ọ̀sán ni obìnrin yìí máa ń wẹ ìyá rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti tọrọ àyè náà, mo sì gbà fún un. Ìgbà náà gan-an ni mo pè é lórí fóònù, mo jẹ́ kí gbogbo ilé aṣòfin máa gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní, "Ẹ gbọ́ fúnra yín. Oorun ló ń sùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì da àbá náà nù bí omi ìṣanwọ́.

Iléeṣẹ́ gba àyè náà lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó sì padà sí ọ́fíìsì. Ó sọ fún mi, bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, pé ìyá òun máa ń sunkún bí ọwọ́ àjèjì bá kàn án. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ẹnu yìí náà ni.

Nígbà tí wọ́n tún gbé àbá náà dé, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Màámi gbọ́ fóònù yẹn. Wọ́n ní kí n lọ gbé e. Mo ní kò séwu, ọ̀gá mi mọ ibi tí mo wà." Omi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Ẹ má sunkún síbí, ọ̀gá. Ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó rẹ́rìn-ín."

Mo lọ, mo sọ ọ́. Wọ́n bú mi, ó tọ́ sí mi. Wọ́n sì fọwọ́ sí òfin náà. Ìyá Olóhùn-Oyin ń bẹ láyé, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ti dárí jì mí. Ẹ̀yin náà, ẹ forí jì mí. Bí ẹ bá sì di ọ̀gá lọ́la, ẹ má fi ohun tí ẹnì kan fọkàn tán yín sọ fún yín bá a jà.